Iṣẹ́ Tí Kò Tíì Parí: Ewu Tí Ó Wà Nínú Lílo Ètò-Ìdarí Kọ̀ǹpútà Tí A Ṣì Ń Ṣe Lọ́wọ́

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya púpọ̀ nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn wà nínú ọgbà yìí, wọ́n sì lè ṣe àlàyé rẹ̀ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó fún mi ní ẹnu ọ̀rọ̀. Èkíní ni pé iṣẹ́ tí kò tíì parí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó fi ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ṣe iṣẹ́. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń ṣe àdàkọ rárà tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbàlagbà kan. Ètò-ìdarí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi nígbà náà kì í jẹ́ kí àmì ohùn jókòó dáadáa lórí ẹ àti ọ. Nígbà mìíràn àmì náà a fò sí ẹ̀gbẹ́, nígbà mìíràn a di àpótí kékeré tí kò ní ìtumọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ rí wá sọ fún mi pé ẹ̀dà tuntun kan ń bọ̀ tí yóò mú ìṣòro yìí kúrò. Ó ní wọn kò tíì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n pé a lè rí i gbé sí kọ̀ǹpútà mi ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo bi í bí kò bá sí ewu níbẹ̀. Ó dáhùn pé, “Sà, èmi náà ń lò ó.”

Kò parọ́. Ohun tí èmi kò bi í ni ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmì ohùn jókòó bí ó ti yẹ, inú mi sì dùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àtúnṣe tuntun wọlé ní òru, kọ̀ǹpútà náà kò tan dé ibi iṣẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n fi rí i tún ṣe, àwọn fáìlì mi ti ṣègbé. Ohùn ìyá ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, nítorí náà mo tún rárà náà dà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ inú rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Nígbà tí mo fi máa padà dé ìlú wọn láti tún béèrè, ìyá ti di ará ọ̀run.

N kò ní dárúkọ ètò náà, nítorí pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn tí ó ṣe é. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé iṣẹ́ kò tíì parí. Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ní ìwé kíkà ni n kò ka ìkìlọ̀ náà.

Kókó ọ̀rọ̀ mi ní òní kò ju èyí lọ: ètò-ìdarí tí a ṣì ń ṣe lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn tí ó tètè dé, iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá gbà á sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti di ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Púpọ̀ nínú ewu tí a ó mẹ́nu bà ni ó máa ń bá ẹni tí kò mọ̀.

2. Àlàyé lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, irin àti wáyà lásán ni. Ohun tí ó ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé a tẹ lẹ́tà kan, kí ó mọ ibi tí yóò fi fáìlì pamọ́ sí lórí dísìkì, kí ó sì mọ bí yóò ti bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́ pọ̀, ni àkójọ àṣẹ tí mo ń pè ní ètò-ìdarí. Windows jẹ́ ọ̀kan. Android tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù ọwọ́ wa jẹ́ òmíràn. Láti inú Linux ni n ó ti fa àpẹẹrẹ yọ jù, nítorí pé ní gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Linus Torvalds ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri àgbáyé sì ti fi ọwọ́ kún un láti ìgbà náà. Nítorí pé wọn kì í fi nǹkan bò, àṣìṣe wọn wà ní àkọsílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n.

Bí a bá fẹ́ ṣe é ní fínnífínní, Linux jẹ́ kókó inú ètò-ìdarí. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ni ó máa ń kó ohun yòókù mọ́ ọn kí ó tó di odindi. Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dà tí àwọn oníṣẹ́ ṣì ń gbẹ́, tí wọ́n ṣì ń gé, tí wọ́n ṣì ń lẹ̀, ni n ó máa pè ní ẹ̀dà àṣelọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ti gbé jáde fún gbogbo ènìyàn ni n ó máa pè ní ẹ̀dà àṣeparí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kejì yìí kò pé délẹ̀, nítorí pé kò sí ètò-ìdarí tí ó parí pátápátá rí. Ohun tí mo fi ń sọ ni pé àwọn tí ó ṣe é ti fọwọ́ sọ̀yà pé ó tó fún ìlò ojoojúmọ́.

Àwa tí a ń kọ ìwé mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá kọ ìwé rẹ̀ tán, a máa fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kí ó bá òun kà á. Ẹlẹgbẹ́ yìí mọ̀ pé ojú ewé kan lè sọnù, pé orúkọ ẹ̀dá-ìtàn kan sì lè yí padà láàárín orí kẹta sí orí kẹrin. Bí ó ti ń kà á ni pẹ́ńsùlù wà ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá rí àṣìṣe, kò ní bínú, nítorí pé kí ó lè rí i ni a ṣe fún un. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ìwé àfọwọ́kọ àti ètò-ìdarí. Àṣìṣe inú ìwé àfọwọ́kọ kì í jáde láti wá ba àwọn ìwé yòókù tí ó wà lórí tábìlì olùkàwé jẹ́. Àṣìṣe inú ètò-ìdarí lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà ní ọwọ́ rẹ̀.

3. Ọ̀nà tí àṣelọ́wọ́ ń gbà di àṣeparí

Láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.0 ti jáde ní ọdún 1994 títí dé ìgbà ẹ̀dà 2.6 ní òpin ọdún 2003, nọ́ńbà ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀dà méjèèjì nínú Linux. Bí nọ́ńbà kejì bá ṣeé pín sí méjì gẹ́ẹ́, bí i ti 2.2 tàbí 2.4, àṣeparí ni. Bí kò bá ṣeé pín bẹ́ẹ̀, bí i ti 2.3 tàbí 2.5, àṣelọ́wọ́ ni. Ní òde òní, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Torvalds a máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ohun tuntun lè wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò ti ilẹ̀kùn, tí yóò sì gbé ẹ̀dà tí a fi àmì rc1 sí jáde fún àyẹ̀wò. Láti ìgbà náà lọ, àtúnṣe àṣìṣe nìkan ni a ń retí. Ẹ̀dà rc mìíràn a máa jáde ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí dé rc7 tàbí rc8, kí àṣeparí tó jáde. Gbogbo rẹ̀ a máa gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 sí 10.

Ní ti Debian, ìpele mẹ́ta ni wọ́n ní. Ìpele tí ohun tuntun kọ́kọ́ ń balẹ̀ sí ni wọ́n ń pè ní Sid. Bí ohun náà bá lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, láti ọjọ́ 2 dé ọjọ́ 10 gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ kánjúkánjú sí, tí a kò sì rí àléébù ńlá kan lára rẹ̀, a máa kọjá sí ìpele àyẹ̀wò. Láti ibẹ̀ ni a ó ti kó gbogbo rẹ̀ jọ di àṣeparí, èyí tí ó máa ń jáde ní nǹkan bí ọdún méjì sí ara wọn.

Àwọn ẹ̀dá inú sinimá Toy Story ni ẹgbẹ́ yìí máa ń fi orúkọ wọn pe ẹ̀dà wọn: Bookworm ni ti ọdún 2023, Trixie ni ti ọdún 2025. Sid nínú sinimá náà ni ọmọ aládùúgbò tí ó máa ń fọ́ ohun ìṣeré. Orúkọ àwọn ẹ̀dà yòókù ń yí padà, ṣùgbọ́n ìpele àkọ́kọ́ kò ní orúkọ mìíràn ju Sid lọ, kò sì ní di àṣeparí láéláé. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ yìí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

4. Ewu márùn-ún

4.1 Kí àkọsílẹ̀ ẹni ṣègbé

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2021 ni ẹ̀dà 5.12-rc1 ti Linux jáde. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Torvalds fi kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má ṣe lò ó. Ìdí rẹ̀ ni èyí. Nígbà tí àyè ìrántí kọ̀ǹpútà bá kún, a máa kó díẹ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀ sórí dísìkì fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan ya apá kan dísìkì wọn sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àwọn mìíràn lo fáìlì kan láàárín àwọn fáìlì wọn yòókù. Nínú ẹ̀dà yìí, àwọn oníṣẹ́ ti tún apá kan àkọsílẹ̀ àṣẹ náà ṣe kí ó lè rọrùn sí i. Nínú àtúnṣe náà ni ìṣirò ti yí: ẹrù tí ó yẹ kí ó bọ́ sínú fáìlì àfikún náà wá ń bọ́ sí ibòmíràn lórí dísìkì, ó sì ń tẹ àkọsílẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun méjì. Èkíní ni pé ẹni tí ó ya apá kan dísìkì sọ́tọ̀ kò rí ìjàǹbá yìí rárá. Ó lè máa lo ẹ̀dà náà kí ó sì máa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò sí ewu. Èkejì ni pé ohun tí ó bàjẹ́ kò kígbe. Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lọ, ìwé ẹni sì ń parẹ́ ní abẹ́. Torvalds fi ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ ẹ̀dà náà láti sọ pé a kò gbọdọ̀ lò ó, ó sì tètè gbé rc2 jáde. Nígbà tí àṣeparí 5.12 jáde ní oṣù kẹrin ọdún náà, àléébù yìí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ètò àyẹ̀wò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ nù kí ìkìlọ̀ tó dé kò rí èrè jẹ níbẹ̀.

4.2 Kí irin fúnra rẹ̀ bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí ó burú jù ni pé kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí a sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2008 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí ẹ̀dà 2.6.27 ti Linux ṣì wà ní àyẹ̀wò, àwọn tí wọ́n fi í sí kọ̀ǹpútà tí ó ní irú ẹ̀rọ ìsopọ̀ kan tí Intel ṣe rí i pé ẹ̀rọ ìsopọ̀ náà kú. Ẹ̀rọ yìí ní àkọsílẹ̀ kékeré kan nínú ara rẹ̀ tí ó fi ń mọ ẹni tí òun jẹ́. Àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni ó ń bàjẹ́, nítorí náà bí a tilẹ̀ dá àṣeparí àtijọ́ padà sí kọ̀ǹpútà náà, ẹ̀rọ ìsopọ̀ kò jí.

Àwọn tí ń ṣe Ubuntu, Fedora, openSUSE àti àwọn mìíràn yára dí ọ̀nà lílo ẹ̀rọ yìí nínú ẹ̀dà àṣelọ́wọ́ wọn. A kọ́kọ́ fura sí àkọsílẹ̀ àṣẹ tí ó ń darí ẹ̀rọ náà. Ìgbẹ̀yìn ni a rí i pé irinṣẹ́ tuntun kan tí kò bá ẹ̀rọ ìsopọ̀ tan rárá, tí a ṣe láti máa tọpasẹ̀ iṣẹ́ inú Linux, ni ó ń kọ nǹkan sí àyè ìrántí tí a ti gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì ti yàn fún ẹ̀rọ náà. Èyí ni ìwà àṣelọ́wọ́: ẹ̀ka méjì tí olúkúlùkù wọn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kò tíì gbé inú ilé kan náà pẹ́ tó láti mọ ibi tí wọn yóò ti forí gbárí.

4.3 Kí ọ̀tá gba ibẹ̀ wọlé

Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí a ń pè ní xz, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa ká fáìlì ńlá pọ̀ di kékeré. Ọ̀pọ̀ ètò-ìdarí tí ó dá lórí Linux ni ó ń lò ó. Ní ọdún 2021 ni ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan, orúkọ tí a gbà pé ìbòjú lásán ni, bẹ̀rẹ̀ sí fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń bójú tó irinṣẹ́ yìí. Ó ní sùúrù, iṣẹ́ rẹ̀ dára, títí tí a fi fún un ní àṣẹ láti máa gbé ẹ̀dà jáde. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2024, ó gbé 5.6.0 àti 5.6.1 jáde. Inú àwọn méjèèjì ni ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sí, èyí tí yóò jẹ́ kí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè ti òkèèrè wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni.

Ibo ni ó kọ́kọ́ balẹ̀ sí? Inú ẹ̀dà àṣelọ́wọ́ ni: Sid àti ìpele àyẹ̀wò Debian, àti irú tiwọn ní Fedora. Kò dé inú àṣeparí Debian. Àwọn tí wọ́n ń sáré gba ohun tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ gba olè sílé. Ìdúró díẹ̀ tí àṣeparí máa ń dúró, tí a máa ń bú nítorí rẹ̀, ni ó dáàbò bo àwọn yòókù.

4.4 Kí a má lè padà sẹ́yìn

Wíwọlé rọrùn ju jíjáde lọ. Apple a máa kìlọ̀ fún àwọn tí ń lo ẹ̀dà àyẹ̀wò rẹ̀ lórí fóònù pé ẹ̀dà ìpamọ́ tí a ṣe láti inú rẹ̀ lè má bá àṣeparí àtijọ́ mu. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí kò ṣe ìpamọ́ kí ó tó wọlé lè rí i pé ìpamọ́ tí òun ṣe lẹ́yìn náà kò wúlò fún ìrìn-àjò àbọ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ ikú ti wà nínú ẹ̀dà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, Microsoft gbé ẹ̀dà àyẹ̀wò ìkẹyìn ti Windows 7 jáde fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi í ṣe ilé gbígbé. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ síbẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2010, kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pa ara rẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, àkókò rẹ̀ pé. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Onílé ni ó wá gba ilé rẹ̀.

4.5 Kí a kígbe, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́

Ewu karùn-ún kò kan fáìlì tàbí irin. Ó kan wàhálà ẹni tí ó jẹ́ asán. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Microsoft gbé ẹ̀dà 1809 ti Windows 10 jáde gẹ́gẹ́ bí àṣeparí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n dá a dúró, nítorí pé ó ń pa ìwé àti àwòrán àwọn kan rẹ́. Oṣù kọkànlá ni wọ́n tó tún gbé e jáde. Ohun tí ó dun ni pé lára àwọn tí ó lo ẹ̀dà àṣelọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kan ti rí àléébù yìí, wọ́n sì ti fi tó ilé-iṣẹ́ náà létí ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Ṣùgbọ́n ibi tí à ń kọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí, iye ènìyàn tí ó bá fi ọwọ́ sí ẹjọ́ kan ni a fi ń mọ bí ó ti wúwo tó. Ẹjọ́ wọn kò rí ènìyàn púpọ̀ tì í lẹ́yìn, ó sì rì sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni Microsoft fi àyè kún un kí olùfisùn lè sọ bí ìpalára náà ti le tó. Nínú gbogbo àyẹ̀wò, ohùn ẹnì kan ṣoṣo tí ó ti sọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ nù gbọdọ̀ wúwo ju ohùn ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò fẹ́ràn àwọ̀ kan lọ.

5. Kí ni ó dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi lò ó?

Bí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi síbí, n ó ti sọ ìdajì òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ xz. Ta ni ó rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà? Andres Freund ni, ẹnì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, tí ó sì wà lára àwọn tí ń ṣe PostgreSQL. Ó ń wọn bí iṣẹ́ kan ti yá tó lórí kọ̀ǹpútà tí Sid wà nínú rẹ̀, ó sì kíyè sí i pé wíwọlé láti òkèèrè ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹlòmíràn ì bá gbójú fò ó. Òun tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ títí tí ó fi dé orísun rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tí ó ń lo Sid pẹ̀lú ojú tí ó là, ilẹ̀kùn náà ì bá bá àṣeparí wọ ilé gbogbo wa.

Ní ti àwa tí a ń kọ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìlànà Unicode tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ tàbí ọ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní àyè kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́tà ni a ń kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì lé e lórí. Ètò-ìdarí ni yóò mú àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí àṣìṣe bá wọ ibẹ̀, ẹni tí ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè rí i láéláé. Bí kò bá sí Yorùbá kankan láàárín àwọn tí ń yẹ ẹ̀dà àṣelọ́wọ́ wò, inú àṣeparí ni a ó ti bá àṣìṣe náà pàdé, nígbà tí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìtẹ̀wé wa. Nítorí náà n kò ní sọ pé kí àwọn ọ̀dọ́ wa sá fún iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni àwọn ń ṣe.

6. Bí a ti lè ṣe é

Ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ni a fi ń wọn odò. Ìlànà tí n ó kà sílẹ̀ yìí kò le, ṣùgbọ́n ìyà ni ó fi kọ́ mi.

Èkíní, kí kọ̀ǹpútà tí a ó fi ṣe àyẹ̀wò yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Bí agbára kò bá ká kọ̀ǹpútà méjì, ètò wà tí ó lè ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé sínú kọ̀ǹpútà tí a ní, kí a sì fi àṣelọ́wọ́ sínú rẹ̀ bí ẹni fi ẹranko sínú àgò. Bí ó bá kú níbẹ̀, ilé kò ní jó.

Èkejì, kí a ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, sórí dísìkì tí a ó yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà náà. Kí a sì gbìyànjú láti ṣí i wò níbòmíràn, nítorí pé ìpamọ́ tí a kò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Ẹ̀kẹta, kí a ka ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ nípa ẹ̀dà náà kí a tó gbà á, àti ní ìgbàkígbà tí àtúnṣe bá dé. Kí a má ṣe gba àtúnṣe ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pàtàkì bá wà ní ọrùn wa.

Ẹ̀kẹrin, kí a mọ ibi tí a ó fi ẹjọ́ sùn àti bí a ti ń fi í sùn: irú kọ̀ǹpútà tí a ń lò, ohun tí a ṣe, ohun tí a retí, àti ohun tí a rí. Ẹni tí ó ń lo àṣelọ́wọ́ tí kì í jábọ̀, ó jẹ ewu, kò jẹ èrè, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní.

Ẹ̀karùn-ún ni mo kà sí pàtàkì jù. Ní àwùjọ wa, ọ̀dọ́ kan ṣoṣo lè máa bá odindi ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ọ́fíìsì tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní irú ipò yìí, ẹ má ṣe gbé àṣelọ́wọ́ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìṣe pé ẹ sọ fún un ní èdè tí ó yé e pé ó lè sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nù. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ lè fi ohun ìní tiyín dán nǹkan wò. Ti ẹlòmíràn kò sí ní ìkáwọ́ yín.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Mo ti kó ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n sílẹ̀ fún yín: ti ọdún 2008, ti ọdún 2018, ti ọdún 2021, àti ti ọdún 2024. Nínú gbogbo wọn, ẹ ó rí i pé ẹ̀dà àṣelọ́wọ́ ṣe ohun tí a dá a sílẹ̀ fún, èyíinì ni pé kí àṣìṣe hàn nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn. Àwọn tí ó pàdánù níbẹ̀ jù ni àwọn tí wọ́n kó ohun tí wọn kò lè pàdánù dé ibi tí àṣìṣe ti ń hàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ń wá kí mi. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, mo sì ní kí ó dìde, nítorí pé àwa méjèèjì ni a jọ ṣe é. Kọ̀ǹpútà méjì ni mo ní nísinsìnyí. Ọ̀kan ti gbó. Òun ni ó ń gba àṣelọ́wọ́. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ ju ojú ewé kan ṣoṣo tí mo kún fún ọ̀rọ̀ Yorùbá olóhùn gbogbo, tí mo fi ń wò ó bóyá àmì jókòó. Bí kò bá jókòó, a jọ máa kọ ẹjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ni.

Ní ti rárà ìyá, ó ti di odindi nínú ìwé mi, àfi ibi mẹ́fà. Níbi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, ọ̀rọ̀ wà, ohùn wà, ṣùgbọ́n àyè òfìfo ni mo fi sílẹ̀ sí ibi tí ó yẹ kí ìtumọ̀ wà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìyá àgbà tí ó mọ rárà, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wá rí mi lẹ́yìn ìpàdé yìí. N ó mú ìwé àti gègé dání.